Ibo Ni Ooru Náà Ń Gbà Jáde?

Ìlọràá,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kìíní, 2024

Tahirah, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú òtútù tó o wà yẹn. Ara èmi àti ìyá rẹ le, ọyẹ́ nìkan ló ń dà wá láàmú, ètè gbogbo wa ti là. Aaliyah àbúrò rẹ ló jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí mo bá parí, yóò fi fóònù yà á, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ. O mọ̀ pé etí mi kò gba ọ̀rọ̀ inú fóònù mọ́. Tí ènìyàn bá dojú kọ mí, tó sọ̀rọ̀ sókè, mo ń gbọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbé fóònù sí mi létí, bí ìgbà tí epo ń ta nínú agbada ló ń dún. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi jókòó ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì, kò lè ṣe kó má gba nǹkan lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, n ó sì sọ ọ́. Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Sìrájù télọ̀, ọ̀rẹ́ mi, pè mí lójú gbogbo jàmáà. Ó ní, "Ṣùkúrù, ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ fíríìjì ni ọmọ rẹ ń ṣe nílùú òyìnbó?" Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun rí i lórí ẹ̀rọ ayélujára, fọ́tò rẹ wà níbẹ̀, wọ́n ní ò ń ṣe fíríìjì tí ojú kò lè rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ibo ni wọ́n ń kó ẹja sí nínú rẹ̀?"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó o wà ní kékeré, mo máa ń lé ọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí n kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ dà bí ọwọ́ mi. Mo ní kó o lọ kàwé. Ṣé iṣẹ́ mi náà lo tún lọ kọ́ lẹ́yìn òkun? Dá mi lóhùn. Má fi òyìnbó yí mi lórí.

Ìyá rẹ ní ṣé ò ń jẹun.

Bàbá rẹ,
Ṣùkúrù Àbọ̀dé


Helsinki,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kìíní, 2024

Bàbá mi,

Orí yìnyín ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mò ń jẹun.

Òótọ́ ni Bàbá Sìrájù sọ, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ fà á. Lọ́jọ́ kan tí mo sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn fíríìjì yín, ẹ rí mi, ẹ kò lé mi. Ẹ ní, "Tahirah, kò sí ẹni tó lè ṣe òtútù. Ooru là ń kó jáde, ohun tó bá ṣẹ́ kù là ń pè ní òtútù." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé láti Ìlọràá dé ìhín.

Nínú fíríìjì tiyín, gáàsì ni alágbàrù tó ń ru ooru jáde. Tèmi kò ní gáàsì, kò ní kọ́ńpúrẹ́sọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni alágbàrù rẹ̀, ohun tíntìntín tó ń rìn nínú wáyà tí iná fi ń tàn. A ṣe yàrá kan fún un tó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo. Nǹkan tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í hùwà bíi nǹkan ńlá mọ́. Ìwà rẹ̀ yẹn làwọn òyìnbó ń pè ní kúáńtọ̀mù. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kì í gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà, àfi èyí tí agbára rẹ̀ bá bá ẹnu ọ̀nà mu gẹ́lẹ́. A ṣe é kó jẹ́ pé àwọn tó gbóná ni yóò máa rí ọ̀nà jáde. Bí wọ́n bá ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, inú ibẹ̀ á máa tutù.

Ìwúlò rẹ̀? Ẹ fọwọ́ kan fóònù Aaliyah tó bá ti pẹ́ lórí rẹ̀. Ooru yẹn, inú lọ́hùn-ún níbi tí fáànù kankan kò lè dé ló ti ń wá. Ibẹ̀ la fẹ́ ti máa kó o.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ níhìn-ín, kí Màmá fi ìrú gbígbẹ rán an sí mi.

Ọmọ yín,
Tahirah


Ìlọràá,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, 2024

Àjọkẹ́ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Mo gbé e lọ bá Sìrájù, mo ní kó fi máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ kó gbọ́. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ṣùkúrù, ọmọ rẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ." Inú mi dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni mí, n ó bi ọ́ ní ìbéèrè oníṣẹ́. Iwájú fíríìjì ni oníbàárà máa ń wò, àwa ẹ̀yìn là ń wò. Iwájú ń tutù, ẹ̀yìn ń gbóná. Ẹni tó bá ti fíríìjì rẹ̀ mọ́ ògiri, ooru kò ní ríbi lọ, ibi tó ti wá ló máa padà sí. Ibo ni ẹ̀yìn tìrẹ wà? Ibo ni ooru náà ń gbà jáde? Kí lẹ sì fi ń wọ̀n ọ́n? Tí ẹ̀yìn bá ń gbóná mọ́ òṣùwọ̀n yín, ǹjẹ́ kò ní parọ́ fún yín?

Ìròyìn ayọ̀ ni mo fi sí ìparí. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà, lẹ́yìn Iléyá, la ó so yìgì Aaliyah. Ará Fìdítì ni ọkọ rẹ̀, ọmọlúàbí ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tá a ti rí ọ gbẹ̀yìn. Wá.

Bàbá rẹ


Helsinki,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Ìrú Màmá dé, gbogbo ilé tí mò ń gbé ló mọ̀ pé ó dé.

Bàbá, ó ti ṣiṣẹ́! Yàrá kékeré náà tutù ju bí a ṣe lérò lọ. Ọ̀gá mi, obìnrin arúgbó kan tí kì í sábà rẹ́rìn-ín, dì mọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn. A ti kọ ọ́, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan sì ti gbà á. Yóò jáde láàárín oṣù Kẹfà. Tó bá ti jáde, wọ́n á fi ọdún méjì kún àkókò mi níbí, n ó sì kọ́kọ́ wálé wá jẹ yìgì. Ẹ sọ fún Aaliyah pé èmi ni n ó di gèlè fún un.

Ní ti ìbéèrè yín, ẹ má ṣèyọnu. Tiwa kò ní ẹ̀yìn bíi ti fíríìjì. Ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ yín,
Tahirah


Ìlọràá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2024

Àjọkẹ́,

A kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Jàmáà ṣe àdúà fún ọ, wọ́n ní àlùbáríkà á wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ti kun yàrá rẹ ní ọ̀dà tuntun, n kò gbọdọ̀ gbé irin iṣẹ́ síbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n o kò dá mi lóhùn. O ní kò ní ẹ̀yìn. Ọmọ mi, n kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí fíríìjì tí kò ní ẹ̀yìn. Ìbáà tóbi bí ilé, ìbáà kéré bí eruku, ooru tí ẹ bá kó jáde gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Wò ó wò.

Bàbá rẹ


Ìlọràá,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2024

Tahirah,

Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Aaliyah ní o ti ka lẹ́tà mi, ó ní àmì méjì aláwọ̀ búlúù wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló bí ọ nínú, má bínú. Àgbà ló ń ṣe mí, n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Tó bá jẹ́ àìsàn ni, jẹ́ ká gbọ́. Ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá.

Kọ ìlà kan péré.

Bàbá rẹ


Helsinki,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ foríjì mí. N kò ṣàìsàn. Ojú ló ń tì mí.

Nígbà tí mo ka ibi tí ẹ ti ní kò sí fíríìjì tí kò ní ẹ̀yìn, inú bí mi. Mo ní kí ni oníṣẹ́ fíríìjì Ìlọràá mọ̀ nípa èyí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Kí n lè fi hàn yín pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, mo lọ wọn ẹ̀gbẹ́ ohun èlò wa.

Bàbá, ó ní ẹ̀yìn. Ooru tí à ń kó jáde nínú yàrá kékeré náà kò ríbi lọ, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń kó jọ sí. Ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà la sì fi ń ṣe òdiwọ̀n, òun la ń fi yàrá náà wé láti mọ bó ṣe tutù tó. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbóná sí i. Yàrá wa kò fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ó dà bí ẹni tó jókòó sí yàrá, tí wọ́n dáná sí pálọ̀, tó wá ń pariwo pé yàrá òun ti di yìnyín.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni ìwé náà ń jáde. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọdún méjì yẹn lọ, ó sì lè jẹ́ pé ilé ni n ó máa bọ̀ láìgba oyè ọ̀mọ̀wé tí mo torí rẹ̀ wá. Orúkọ ọ̀gá mi náà á bàjẹ́. Tí n kò bá sọ̀rọ̀, ó máa pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti kọ ọ́ láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, tí mo pa á rẹ́.

Bàbá, kí ni kí n ṣe?

Tahirah


Ìlọràá,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà, 2024

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́. Nu ojú rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, n kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí. Mo ní kí Aaliyah bọ́ síta. Èmi fúnra mi ni n ó ya fọ́tò rẹ̀. Tó bá wọ́, kà á bẹ́ẹ̀.

Ní 1999, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, Nọ́ọ̀sì Rachel ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan lọ́nà Akínmọ̀ọ́rìn. Fíríìjì kan ló fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ó bàjẹ́, wọ́n pè mí. Mo tú u, mo rí i pé ẹ̀yà tó ń pàṣẹ fún kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ti ń kú lọ, pé ó lè dákẹ́ nígbàkigbà. Mo wá tuntun dé Ọ̀yọ́, n kò rí. Mo so ògbólógbòó padà, mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti dáa." Ojú ń tì mí láti sọ pé ó ju agbára mi lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní gbogbo abẹ́rẹ́ ti gbóná, wọ́n ti bàjẹ́. Mo sáré lọ. Obìnrin kan ń bá Nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́, Abọ́sẹ̀dé, ó ti bímọ méjì. Nọ́ọ̀sì ní Abọ́sẹ̀dé ló fi ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ láìtì. Obìnrin náà ń búra pé òun tì í. Ó wojú mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo tẹrí ba, mo ṣe bí ẹni ń wo ẹ̀yìn fíríìjì. Wọ́n lé e lọ lójú mi. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọdún yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì fẹ́ rán an lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Wọ́n da abẹ́rẹ́ náà nù, kò kan ọmọ kankan. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Àmọ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rèé, obìnrin yẹn ṣì ń wojú mi. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò sọ lọ́jọ́ kìíní, ṣe ló máa ń wúwo sí i.

N kò pàṣẹ fún ọ. Bó ṣe rí fún mi ni mo sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ilé lo ní láti padà sí, lọ́wọ́ òfo, yàrá rẹ wà níbí. Èmi náà wà níbí.

Bàbá rẹ


Helsinki,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Iléyá. Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà yín dé ni mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá mi. Mo gbé àwọn ìwọ̀n tuntun síwájú rẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ta ló ní kó o wọn ẹ̀gbẹ́?"

Mo ní bàbá mi ni.

"Ṣé físíìsì ni wọ́n kà?"

Mo ní rárá, fíríìjì ni wọ́n ń tún ṣe.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú. Ó ní, "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn láti ọdún tó kọjá." Ó kọ̀wé níṣojú mi pé kí wọ́n má tẹ ìwé wa jáde mọ́.

Ọdún méjì yẹn ti lọ. Wọ́n fún mi di ìparí oṣù Kejìlá kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kan kò sì ṣe é fi ṣòfò nínú rẹ̀. Bàbá, n kò ní lè wá síbi yìgì. Ọ̀rọ̀ yìí ló nira jù fún mi láti kọ. Mo ti sọ fún Aaliyah, ó sì ti dákẹ́ sí mi láti ìjẹta. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ ṣé tí ẹ sọ tiyín fún mi.

Tahirah


Ìlọràá,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, 2024

Àjọkẹ́,

A so yìgì, ó lárinrin, òjò kò rọ̀. Aaliyah bínú sí ọ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Àfi ìgbà tí àlùfáà ń ṣàdúà lọ́wọ́ tó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ọn, iṣẹ́ rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu." Àlùfáà gbà fún un. Wọ́n ṣe àdúà tìrẹ gùn ju ti Aaliyah fúnra rẹ̀ lọ.

Mo ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ fún ìyá rẹ. Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Kó o pẹ́ kó o tó dé kò dùn mí tó kó o dé pẹ̀lú irọ́." Ó tún ní ṣé ò ń jẹun.

Bàbá rẹ


Helsinki,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. A ti la ọ̀nà fún ooru náà. Wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a tẹ́ sẹ́yìn yàrá kékeré náà, ó gbé ooru lọ jìnnà síbi irin ńlá kan tó tutù. Òṣùwọ̀n méjì ni mo lò, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìgbà mọ́kànlélógún ni mo wọ̀n ọ́n.

Ó tutù, Bàbá. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí a kọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n ó tutù lóòótọ́. Ọ̀gá mi ti bá mi wá ọdún kan sí i, n ó gba oyè mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan, tí mo bá kọjá àyè mi, ẹ bá mi wí. Láti oṣù Kẹfà ni mo ti ń ro obìnrin tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé yẹn. Ṣé ó wà láyé? Ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i. N kò fẹ́ kí ẹ máa rù ú lọ báyìí.

Ọmọ yín,
Tahirah


Ìlọràá,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2024

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí iṣẹ́ rẹ. Mo sọ fún Sìrájù, ó ní kí n tún un sọ.

Ìparí lẹ́tà rẹ bí mi nínú. Mo ní ọmọ tí mo bí ti ń tọ́ mi sọ́nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jókòó ti ìyá rẹ, mo sọ ọ̀rọ̀ Abọ́sẹ̀dé fún un látòkèdélẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ẹ wọ aṣọ yín, ẹ lọ wá a."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí Abọ́sẹ̀dé ń lọ nígbà náà ló júwe rẹ̀ fún mi. Awẹ́ ló ń gbé, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń kọ́. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ilé ìwé, mo bá a níta ilé rẹ̀, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Irun rẹ̀ ti funfun.

Mo ní, "Ṣé o mọ̀ mí?"

Ó wò mí dáadáa. "Bọ̀dá oní-fíríìjì."

Ó gbé àga fún mi, n kò jókòó. Mo ní, "Abọ́sẹ̀dé, ìwọ kọ́. O ti ilẹ̀kùn fíríìjì lọ́jọ́ náà. Èmi ni n kò tún un ṣe dáadáa. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́ tí wọ́n fi lé ọ."

Mo rò pé ó sọ̀rọ̀, pé etí mi ni kò gbọ́, mo sún mọ́ ọn. Ẹkún ló ń sun. Nígbà tó yá, ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́.

"Mo búra fún wọn lọ́jọ́ yẹn pé mo tì í. Ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún kan, mo ti gbà pé n kò tì í. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, èmi náà gbà á gbọ́. Títí di òní, Bọ̀dá, n kì í ti ilẹ̀kùn kí n má padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti ilé, ti kíláàsì. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde. N kò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ dìde."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Nọ́ọ̀sì Rachel ṣì wà láyé, lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Jobele. Ẹ ó bá mi lọ. Ẹ ó sọ ọ́ lójú wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

Ó ní, "Nísinsìnyí."

Ó wọlé, ó wọ bàtà, ó wé gèlè. Mo ti pe ọ̀kadà méjì dúró. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó kọ́ ọ, ó gun ọ̀kadà tiẹ̀. N kò gun tèmi. Mo dúró, mo rò pé yóò sọ̀ kalẹ̀ padà lọ wò ó.

Ó yíjú sí mi, ó kígbe kí n lè gbọ́: "Bọ̀dá, kí lẹ ń dúró dè? Mo ti tì í. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá rẹ,
Ṣùkúrù